Fóònù Kò Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Yín, Ipasẹ̀ Yín Ló Ń Tọ̀

A kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú ohùn tí a fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù, nítorí àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa.

Ohùn kìíní

  Ìbéèrè tí màmá aláṣọ fi síbí lálẹ́ àná ni mo fẹ́ dáhùn. Ó gùn ju ohun tí mo lè fi ọwọ́ tẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ohùn sọ ọ́. Wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni fóònù máa ń gbọ́ ohun tí à ń sọ. Wọ́n ní àwọn àti ọmọ wọn jọ sọ̀rọ̀ fìríìsà ní ṣọ́ọ̀bù, kò pé wákàtí kan, ìpolówó fìríìsà ti kún ojú fóònù àwọn. Ẹni mẹ́rin ló tún sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn náà. Bàbá kan tiẹ̀ ní inú dúrọ́ọ̀ lòun máa ń fi fóònù sí kí òun tó sọ̀rọ̀ owó.

Bàbá, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ohun tí ẹ rí, òótọ́ ni ẹ rí i. Ọ̀nà tó gbà wọlé ni kì í ṣe etí.

Àwọn olùwádìí kan wà ní Northeastern University ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó áàpù Android tó lé ní 17,000 jọ, wọ́n ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọn kò rí ọ̀kan ṣoṣo tó ń jí makirofóònù tàn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn kan nínú wọn ń ya àwòrán ojú fóònù fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa. Etí kọ́, ojú ni.

Fìríìsà màmá ńkọ́? Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan: ta ni ẹ jọ ń pín hotspot ní ṣọ́ọ̀bù? Wọ́n ní ọmọ àwọn ni. Ó tán. Nígbà tí ẹ sọ̀rọ̀ tán, ọmọ yín mú fóònù tirẹ̀, ó wá iye tí wọ́n ń ta fìríìsà. Fóònù méjèèjì, orí dátà kan náà ni wọ́n gbà jáde, àdírẹ́sì kan náà ni wọ́n gbé síta. Ẹni tó ń ta ìpolówó rí i pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá, ó ní: tò, ilé yìí fẹ́ ra fìríìsà, ẹ fi han gbogbo ará ilé. Kò nílò kó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ohùn kejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ipasẹ̀ yẹn ṣe ń rìn gan-an, nítorí bí ẹ bá mọ bó ṣe ń rìn lẹ máa mọ ibi tí ẹ ó ti dí i.

Gbogbo wa la mọ alágbàfọ̀. Bí ẹ bá kó aṣọ fún un, ó máa kọ nọ́ńbà kékeré sí inú ọrùn aṣọ náà. Nọ́ńbà yẹn ló fi ń mọ̀ pé agbádá yìí ti Alhaji ni, èyí ti pásítọ̀ ni. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Láìsí i, aṣọ yín yóò bá ẹlòmíràn lọ ilé. Bí bùráúsà ṣe ń ṣe nìyẹn, ìyẹn Chrome, Opera Mini, Phoenix tó máa ń wà lórí Tecno àti Infinix, tàbí èyíkéyìí tí ẹ fi ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ṣí ojú òpó kan, ojú òpó náà máa kọ nọ́ńbà kékeré sí inú bùráúsà yín. Kúkì ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní ọdún 1994. Nítorí àwa ọlọ́jà ni, ẹ gbà mí gbọ́: kí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì lè máa rántí ohun tí oníbàárà ti kó sínú agbọ̀n kó tó sanwó.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kẹta dé. Ẹ wò ó báyìí. Ọkùnrin kan wà tí kì í fọ aṣọ. Ó lọ bá alágbàfọ̀, ó fún un lówó, ó ní kí ó jẹ́ kí òun máa kọ nọ́ńbà tòun náà sí ọrùn aṣọ àwọn ènìyàn. Ó lọ bá télọ̀, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó lọ bá alápatà, ó lọ bá oníkẹ́mísì, ó lọ bá ẹni tó ń yá ènìyàn lówó ní ẹ̀yìn ọjà. Nísinsìnyí, ibikíbi tí ẹ bá yà sí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń yọjú wo ọrùn aṣọ yín. Kò mọ orúkọ yín o. Ó kàn ń kọ ọ́ sínú ìwé pé: nọ́ńbà báyìí ra oògùn ìríra ní aago mẹ́sàn-án, ó béèrè èlé owó ní aago mẹ́wàá, ó ra aṣọ ọmọdé ní aago méjìlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó mọ̀ yín ju aládùúgbò yín lọ. Kúkì ẹnì kẹta nìyẹn, third-party cookies, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú fóònù yín.

Kí ló fi ń ṣe? Gbàǹjo. Ẹ mọ gbàǹjo, ẹni tó bá pe owó jù ló máa gbé e lọ. Bí ẹ bá tẹ ojú òpó ìròyìn kan, kí ó tó ṣí tán, wọ́n ti pariwo síta pé ènìyàn kan nìyí, Kaduna ló wà, Android ló ń lò, ó wá owó yá lánàá, ta ló fẹ́ fi ìpolówó hàn án? Kọ̀ǹpútà àwọn olùpolówó á pe owó, èyí tó bá pe jù á borí, ìpolówó á yọ. Gbogbo ẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú yín ni wọ́n ń pe owó lé, ẹ̀yin kò sì sí níbẹ̀.

Àti pé dátà yín ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí máa ń bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ ra dátà, wọ́n sì fi í gbé ọmọ iṣẹ́ wọn wọlé.

Ẹ dúró ná, Alhaji kan ń béèrè chájà.

Ohùn kẹta

Mo ti padà. Ẹnì kan ti kọ ọ́ síbí pé, ṣebí ìpolówó lásán ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ mí ṣe, mi ò ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́.

Ìyá kan wà nínú wa, tí wọ́n gbà kí n sọ ọ́ bí n kò bá dárúkọ wọn. Wọ́n ní fibroid. Kò sí ẹni tó mọ̀ àfi ọkọ wọn. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń fi Chrome wá a: kí ló ń fà á, kí ni wọ́n fi ń wò ó, ṣé iṣẹ́ abẹ ni dandan. Lọ́jọ́ kan oníbàárà dé, wọ́n ṣí ojú òpó kan kí oníbàárà wo irú léèsì tó wà lóde, wọ́n gbé fóònù fún un. Ìpolówó tíì agbo fibroid ló kọ́kọ́ yọ, òmíràn tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àwòrán ikùn. Oníbàárà wo fóònù, ó wo ìyá. Kò sọ nǹkan kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ń bi ìyá láàárín ọjà pé, ṣé ara le?

Ìtìjú nìyẹn. Ìtìjú kọ́ ló dùn mí jù. Ọ̀kan nínú àwọn ìpolówó yẹn ni wọ́n tẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n sanwó tíì oṣù mẹ́ta, wọ́n sì fi oṣù mẹ́ta náà sún ọjọ́ tí dókítà fún wọn síwájú. Ẹni tó ta tíì yẹn kò wá wọn kiri Barnawa. Kò mọ Barnawa. Inú gbàǹjo ló ti rà wọ́n: ó ní ẹ fún mi ní obìnrin tí àìsàn yìí ń bà lẹ́rù, wọ́n sì fún un. Google fi sínú òfin rẹ̀ pé òun kò gbà kí wọ́n fi àìsàn ènìyàn dọdẹ rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n Google nìkan kọ́ ló ń ta ìpolówó láyé yìí.

Bí ó ṣe rí fún ẹni tó ń wá owó nìyẹn. Ẹni tí ọjà kò tà fún, tó wá owó kíákíá lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ wo bí àwọn ayánilówó ṣe máa tò lé e lórí fún oṣù kan gbáko. Ẹ rántí ohun tí àwọn kan nínú wọn fi ojú ọmọ Nàìjíríà rí, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Ó le débi pé ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ìkẹjà. Ẹni tí owó ń wá lójú méjèèjì ni ìpolówó irú wọn dára fún jù, òun náà sì ni ipasẹ̀ rẹ̀ rọrùn láti mọ̀ jù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwa náà. Ọ̀pọ̀ nínú gúrúùpù yìí ló ń san owó boost lórí Facebook. Nígbà tí ẹ bá sọ pé kí wọ́n fi léèsì yín han obìnrin ọmọ ọdún 25 sí 45 ní Kaduna tó fẹ́ràn òwàm̀bẹ̀, báwo lẹ rò pé wọ́n ṣe mọ ẹni tó fẹ́ràn òwàm̀bẹ̀? Inú gbàǹjo kan náà la wà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má polówó ọjà rẹ̀ mọ́, èmi náà ń polówó chájà. Kí á kàn mọ̀ pé bí a ṣe ń rà la ṣe ń tà wá.

Ohùn kẹrin

Ọ̀rọ̀ ìjọba, kíákíá. A ní òfin. Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lu Nigeria Data Protection Act ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ó fún yín ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara yín polówó ọjà sí yín. Ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó o, NDPC, ní kí Meta, àwọn tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp yìí, san owó ìtanràn mílíọ̀nù 32.8 dọ́là ní oṣù kejì ọdún 2025. Ọ̀kan lára ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n ń fi ìṣesí ènìyàn polówó ọjà sí i láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn, ní ẹ̀yìn ilé ẹjọ́. FCCPC ti kọ́kọ́ bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta kan náà ní oṣù keje ọdún 2024. Owó ńlá ni, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ kan tó wọ Barnawa nínú rẹ̀, kò sì pa nọ́ńbà kankan rẹ́ ní ọrùn aṣọ yín. Èyí tí ọwọ́ yín ká ni ká ṣe.

Ẹ mú fóònù. Mo máa pe àwọn orúkọ náà bó ṣe wà lójú fóònù ní èdè òyìnbó, kí ẹ lè rí i.

Ẹ ṣí Chrome. Ẹ tẹ àmì tó-tò-tó mẹ́ta lókè lápá ọ̀tún. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Privacy and security, ẹ wá Third-party cookies. Bí kò bá sí níbẹ̀, á wà ní Site settings. Ẹ yan Block third-party cookies. Ó parí. Ọkùnrin tí kì í fọ aṣọ yẹn, ẹ ti gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. Kúkì alágbàfọ̀ gan-an ṣì wà, báńkì yín àti ojú òpó tí ẹ ti ń ra ọjà yóò ṣì dá yín mọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ojú òpó kan lè ṣe ségesège, ẹ lè ṣí i fún ìyẹn nìkan.

Ẹ máa bi mí pé bí ó bá rọrùn tó báyìí, kí ló dé tí Chrome kò fi dí i fúnra rẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Safari ti iPhone ti ń dí gbogbo rẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 2020. Firefox ti ń dí àwọn olùtọpasẹ̀ tí a mọ̀ láti 2019. Google náà ṣèlérí ní oṣù kìíní ọdún 2020 pé láàárín ọdún méjì, kúkì ẹnì kẹta yóò di ohun ìgbàgbé nínú Chrome. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un, nígbà tó di oṣù keje ọdún 2024 wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́. Ẹni tó ni Chrome ló ń ta ìpolówó. Ta ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa?

Nítorí náà, ẹni tí fóònù rẹ̀ bá gbà á, kí ó gbé Firefox tàbí Brave sórí rẹ̀ láti Play Store. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Brave ń dí ìpolówó àti ìtọpasẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ ó tẹ̀. Firefox ti Android gbà kí ẹ fi ohun tí wọ́n ń pè ní uBlock Origin kún un, èyí tí Chrome orí fóònù kò gbà. Ojú òpó á yára, dátà á dín. Opera Mini tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ràn, òótọ́ ni pé ó ń fi dátà pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é: kọ̀ǹpútà Opera ló ń kọ́kọ́ ṣí ojú òpó náà, ó fún un pọ̀, kó tó gbé e wá fún yín. Ẹ fi wo ìròyìn bọ́ọ̀lù. Mi ò ní fi wo ọ̀rọ̀ ara mi.

Èkejì ni Notifications. Inú Settings ti Chrome kan náà ni, lábẹ́ Site settings. Ẹ máa rí orúkọ àwọn ojú òpó tí ẹ ti tẹ Allow fún rí. Nínú fóònù mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá bá mi pé kòkòrò wọ̀ ọ́, pé ó ń yọ ìpolówó káríkárí lóru, ọ̀pọ̀ ni kò ní kòkòrò kankan. Allow ni. Ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ kò mọ̀ kúrò.

Ẹ̀kẹta kò sí nínú Chrome, inú fóònù fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo Android ló ní nọ́ńbà ìpolówó kan tí àwọn áàpù fi ń dá a mọ̀. Ẹ lọ sí Settings fóònù, ẹ wá Google, ẹ wọ Ads, ẹ tẹ Delete advertising ID. Lẹ́yìn náà, bí áàpù bá béèrè nọ́ńbà, òdo lásán ló máa rí. Ti iPhone wà ní Privacy & Security, Tracking, ẹ pa Allow Apps to Request to Track.

Ohùn karùn-ún

Ó ku méjì, mo fẹ́ lọ jẹun.

Incognito. Àwọn ọ̀dọ́ gbà pé bí wọ́n bá ti wọ ibẹ̀, wọ́n ti di aféfé. Rárá o. Incognito kì í jẹ́ kí ẹni tó bá gba fóònù lọ́wọ́ yín rí ibi tí ẹ ti lọ. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ wọn yẹn ì bá lò ó, ì bá ran wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí kúkì inú rẹ̀ máa ń parẹ́ bí ẹ bá ti gbogbo rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ojú òpó tí ẹ ṣí ṣì rí yín, ilé iṣẹ́ tó ta dátà fún yín náà rí ibi tí ẹ yà sí. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí èyí ní Amẹ́ríkà ní 2020, pé àwọn ènìyàn rò pé àwọn sápamọ́ nígbà tí Google ṣì ń kó ìṣesí wọn jọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ó hàn pé Google ti gbà láti pa àkọsílẹ̀ tó tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù rẹ́.

Èkejì ni pé gbogbo ìdènà tí mo kà yìí kò kan ẹni tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún. Bí Gmail yín bá ṣí sílẹ̀ nínú Chrome, Google kò nílò kúkì ẹnì kẹta láti mọ̀ yín, inú ilé ni ẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí myadcenter.google.com, ẹ pa Personalized ads. Ti Facebook, ẹ wọ Accounts Centre, ẹ wá Your activity off Meta technologies. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́. Ẹ máa rí orúkọ àwọn áàpù àti ojú òpó tí ẹ kò rò pé wọ́n mọ Facebook rí, tí wọ́n ń jábọ̀ yín fún un. Ẹ wá tẹ Clear, kí ẹ sì sọ fún un pé kó má so ti ọjọ́ iwájú mọ́ yín.

WhatsApp tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ sínú rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, Meta kò lè kà á. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ síbí, tí ẹ sì tẹ̀, ó ti gbé yín jáde kúrò nínú ilé, ọ̀nà ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà lẹ wà yẹn. Àti ìpolówó tó ń yọ láàárín Status báyìí, oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n kéde rẹ̀, ẹ má rò pé fóònù yín ló bàjẹ́.

Ìpolówó kò ní tán o. Bí ẹ bá ṣe gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ ṣì máa rí ìpolówó, bóyá ti ẹni tó ń ta táyà fún ẹni tí kò ní mọ́tò. Ìyẹn gan-an ni àmì pé ó ti ṣiṣẹ́: wọn kò mọ ẹni tí ẹ jẹ́ mọ́.

Màmá aláṣọ, ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó ṣe ti fóònù tirẹ̀ náà, nítorí hotspot kan lẹ jọ ń lò. Ẹni tí kò bá rí Ads lábẹ́ Google, kí ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀, kì í ṣe sínú gúrúùpù, nítorí ímeèlì yín máa ń hàn lókè níbẹ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago méje alẹ́. Lọ́jọ́ Sunday mi ò sí.